Òórùn Ìdàgbàsókè

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì rọra di imú yín mú, nítorí ìtàn yìí ń rùn. Kì í ṣe òórùn òkú eku, kì í sì í ṣe òórùn gọ́tà. Òórùn epo bẹntiróòlù ni, irú èyí tó máa ń jáde lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí táńkì ilé-epo bá ti jẹrà, tí epo ń jò díẹ̀díẹ̀ wọ inú yanrìn títí yóò fi bá omi kànga àwọn aládùúgbò pàdé. Ìjọba mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa fọ ilẹ̀ àti omi mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà dára, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá.

Ọ̀gá yìí kì í jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé orí àga ló ti fún ara rẹ̀ ní oyè: Afọlẹ̀mọ́. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sára mọ́tò, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìdí ife tíì rẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀ lè rí nǹkan kà nígbà tí òun bá gbé ife sẹ́nu. Ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé bí ẹni tó wá kéde pé ọ̀gá ń bọ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ pé "Ẹ káàárọ̀" lásán, á kọ́kọ́ wúkọ́, á gbé ìka kan sókè, á wá ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, òwúrọ̀ ti bá wa, àwa náà sì ti bá òwúrọ̀." Ẹ bá mi wò ó. Àwọn tí kò tíì jẹun àárọ̀ ló ń sọ èyí fún.

Láràárọ̀, kí ó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, gbogbo òṣìṣẹ́ á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ nítorí ìtẹríba, á na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn á fa afẹ́fẹ́ símú, fììì, wọn á sì pariwo pa pọ̀:

"Ilẹ̀ mọ́!"

"Ta ló fọ̀ ọ́?" Ọ̀gá á béèrè látinú mọ́tò.

"Afọlẹ̀mọ́ ló fọ̀ ọ́!"

"Omi ńkọ́?"

"Ó mọ́ gaara!"

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tó kan ilẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, inú òjò náà ni wọ́n á ti ṣe é.

Ní òkè títì kan ni ilé-epo àtijọ́ kan wà, ilé tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń gbé sì wà nísàlẹ̀ títì náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti hú àwọn táńkì tó jò jáde ní ilé-epo yìí, wọ́n sì ti gbé pọ́ǹpù kan síbẹ̀ tó ń fa omi elépo jáde kí wọ́n lè sẹ́ ẹ. Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró mélòó kan káàkiri, wọ́n ki páìpù bọ̀ wọ́n, inú páìpù wọ̀nyí ni wọ́n sì ti ń bu omi fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ á ní, "Háà, epo mà ń rùn níbí o," ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dun Ọ̀gá bí ẹni pé ara òun ni wọ́n ní ó ń rùn. Ni ó bá ṣòfin. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun lábẹ́ òun kò gbọdọ̀ dárúkọ òórùn epo mọ́. Orúkọ tuntun rẹ̀ ni òórùn ìdàgbàsókè. Òṣìṣẹ́ kan ṣèèṣì pè é ní òórùn epo, wọ́n gbé e lọ sí ẹnu géètì ẹ̀yìn, níbi tí kò ti ní iṣẹ́ kankan ju kó máa wo mọ́tò tó ń kọjá. Láti ìgbà náà, olúkálukú pa ẹnu mọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Alágbàfọ̀. Ilé rẹ̀ fara ti ògiri ilé-epo náà. Aṣọ ló ń fọ̀, aṣọ ló ń lọ̀, òun ló fi tọ́ ọmọ, òun náà ló sì ń fi tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ tí olóògbé ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí epo ti wọ kànga rẹ̀, bí ó bá fọ aṣọ ìyàwó tuntun, aṣọ náà á máa rùn bí aṣọ mẹkáníìkì. Tánkà omi tí ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá ń rán wá ló jẹ́ kí ó ṣì rí iṣẹ́ ṣe. Òfin tánkà náà kò lọ́jú pọ̀: ilé tí epo bá wà nínú omi rẹ̀ nìkan ló lè bu níbẹ̀. Ọ̀gá ló fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ọjọ́ tí Ọ̀gá bá kéde pé ilẹ̀ ti mọ́, ọjọ́ yẹn ni tánkà dẹ́kun, yálà epo ṣì wà nínú kànga tàbí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti kéde. Ipò igbákejì mínísítà ló ṣófo, ọkàn rẹ̀ sì ti jókòó sórí àga náà kí ìdí rẹ̀ tó débẹ̀. Ó pe Mínísítà pé kó wá wo ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ tó mọ́ kò tíì sí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ènìyàn má pe àlejò.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́. Ó gbé kóòtù funfun tí Ọ̀gá fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó ti fọ̀ tó sì ti lọ̀ kó dán, ó bá a dé ọ́fíìsì.

"Ẹ káàsán o, sà. Aṣọ yín rèé. Omi tánkà ni mo fi fọ̀ ọ́ o, kì í ṣe ti kànga."

"Ẹ ṣeun, Màmá." Ọ̀gá gbé kóòtù símú, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ní ilẹ̀ wa ti mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò tíì mọ́. Mo fa omi lánàá, epo ṣì ń dán lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí tánkà ò wá, àwọn ọmọ-ọmọ mi fi wẹ̀, gbogbo ara wọn ló sú. Tí tánkà yẹn bá lọ, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ fi bọ́ wọn?"

Ohun tó yẹ kí ènìyàn fi dáhùn ni "Mo ti gbọ́, Màmá." Ṣùgbọ́n Ọ̀gá dìde, ó wúkọ́, ìka lọ sókè.

"Màmá! Bí ìtàn bá ń rìn lọ, kì í bi koríko bóyá òun tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ ń gbóòórùn yẹn, òórùn ìdàgbàsókè ni! Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó ń gbààwẹ̀ kí wọ́n lè rí irú ẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Sà, omi ni mo wá tọrọ o," Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn, "kì í ṣe oyin."

Ọ̀gá kò gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti dé ibòmíràn. Ó tọ́ka sí obìnrin náà bí ẹni tó rí àga tó fẹ́ rà. "Akọ̀wé, Màmá yìí gan-an ló máa dìde lọ́jọ́ náà, tó máa jẹ́rìí níwájú Mínísítà pé omi òun ti mọ́."

Akọ̀wé mú un jáde, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: "Omi mi ti mọ́ gaara, ọpẹ́ ni fún Afọlẹ̀mọ́."

"Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Tánkà ò ní wá mọ́ nìyẹn, Màmá."

"Tí mo bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

Akọ̀wé họ orí. "Tí ẹ bá sọ ọ́, á jẹ́ pé omi yín ti mọ́. Kí ni tánkà tún fẹ́ wá ṣe?"

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé-epo náà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wọlé wá jíṣẹ́ fún Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, a ti ṣàyẹ̀wò. Epo ṣì pọ̀ nínú gbogbo páìpù, sà. Ẹ jẹ́ ká fún pọ́ǹpù láàyè títí di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹnjiníà, ṣé ọdún tó ń bọ̀ ni Mínísítà ń bọ̀ ni?" Ọ̀gá rìn lọ sójú fèrèsé, ó rìn padà. Ó dúró lójijì. Ẹ̀yin ará, ohun tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní ọgbọ́n àwọn ọ̀gá. "Inú páìpù yẹn lẹ ti ń bu omi àyẹ̀wò, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Omi tánkà ńkọ́, ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́, sà."

"Ó tán! Ẹ da omi tánkà sínú páìpù. Kẹ́ ẹ dà á dáadáa o. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bù ú fún àyẹ̀wò!"

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọpọlọ rèé o! Ẹ gbà wá, orí kan ṣoṣo ló gbé gbogbo èyí!"

Ẹnjiníà dúró títí ìdọ̀bálẹ̀ fi parí. "Sà, omi tí ẹ bá dà síbẹ̀ ò ní jókòó síbẹ̀. Á ti epo lọ síwájú ni. Orí omi lepo máa ń léfòó sí, ibi tómi bá lọ ló ń bá a lọ. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ títì yẹn, ìsàlẹ̀ ló sì dagẹ̀rẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà lẹ ń gbé nísàlẹ̀, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín àánú. "Ìwọ ọmọ yìí. Epo náà mọ ilé ẹni tó ń wọ̀. Epo wo ló máa wọ ilé Afọlẹ̀mọ́?"

"Ẹ ṣáà má pa pọ́ǹpù, sà. Pọ́ǹpù yẹn ló dà bí ọwọ́ tó di epo náà lẹ́wù mú. Tí ẹ bá ní kó ju ẹ̀wù sílẹ̀, á sá."

Kò burú, Ọ̀gá kò pa á lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ló pa á. Ó ti lọ dúró ní ilé-epo náà láti fi ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Mínísítà dánrawò, pọ́ǹpù sì ń ké tirẹ̀ bó ṣe máa ń ké. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi," pọ́ǹpù á ní gù-gù-gù. Ojú Ọ̀gá pọ́n. "Pọ́ǹpù wo ló láyà láti máa sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀?" Wọ́n pa pọ́ǹpù. Ìdákẹ́jẹ́ dé, Ọ̀gá sì na ọwọ́ méjèèjì: "Iwájú là ń lọ! Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn!" Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn fún mi.

Tánkà tó yẹ kó máa fún àdúgbò lómi ni wọ́n wá ń darí sí ilé-epo. Àwọn ènìyàn tò pẹ̀lú garawa wọn, wọ́n ń wo bí omi tó mọ́ ṣe ń rọ́ wọ inú ilẹ̀, tánkà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá Alágbàfọ̀ wà láàárín wọn pẹ̀lú ìdì aṣọ oníbàárà lórí. Ibi tí inú ti bí i dé, ọ̀rọ̀ ò débẹ̀. Nígbà tí wọ́n bu omi páìpù fún àyẹ̀wò, ó mọ́ lóòótọ́. Báwo ni kò ṣe ní mọ́? Wọ́n jó ní ọ́fíìsì, Akọ̀wé sì sunkún ayọ̀ títí wọ́n fi ní kó dákẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká bá Ọ̀gá délé. Ilé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan lábẹ́ ilẹ̀, ibi tó kó gbogbo àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n dá ara rẹ̀ lọ́lá. Gbọ̀ngàn yìí ló fẹ́ gba Mínísítà lálejò sí. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àlejò dé, ìyàwó rẹ̀ gòkè wá láti ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ní imú.

"Dádì, epo ń rùn nísàlẹ̀ o."

"Nínú ilé tèmi, a kì í sọ̀rọ̀ yẹn."

"Ẹ lọ gbóòórùn ẹ̀ fúnra yín."

Ó sọ̀kalẹ̀. Òórùn náà pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ epo? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó dúró níbẹ̀, ó ń ro ohun tí ẹnjiníà sọ, ẹ̀rù sì bà á gidi. Bí ó bá pè é ní epo, ta ni yóò gbé ara rẹ̀ lọ sí géètì ẹ̀yìn láti máa wo mọ́tò? Àga igbákejì mínísítà ńkọ́? Ó gun òkè padà, ó sì nu ojú.

"Ọ̀dà tuntun ni."

"Ọ̀dà tí wọ́n kùn nígbà tí mo lóyún ọmọ tó ti ń lọ sílé-ìwé báyìí?"

"Á jẹ́ pé òórùn ìdàgbàsókè ni."

Ìyàwó wò ó látòkè délẹ̀. Ó wọlé lọ, ó di ẹrù tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ. "Mò ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá mi. Ìdàgbàsókè yín yìí, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ máa dàgbà níbẹ̀."

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ọ́fíìsì àti Ìyá Alágbàfọ̀ tẹ̀lé e wọ gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀, àyàfi ẹnjiníà, ẹni tí Ọ̀gá ní kó lọ dúró ti pọ́ǹpù tí wọ́n ti pa. Òórùn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá gbé aṣọ kọ́ síbẹ̀, aṣọ náà á sunkún. Àbẹ́là funfun kan tó ga tó ọmọ kékeré dúró lórí tábìlì. Ọ̀gá fẹ́ tan án níwájú Mínísítà, kí ó lè jẹ́ iná ìmọ́tótó tí kò ní kú láéláé.

Akọ̀wé na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn fa afẹ́fẹ́ símú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ikọ́ gbà wọ́n mú.

"Ilẹ̀... húhù... ilẹ̀ mọ́!"

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Afọlẹ̀... húhù!"

Mínísítà gbé imú sókè. "Kí ló ń rùn báyìí?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí imú kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹnu kan tó fẹ́ lọ wo mọ́tò ní géètì ẹ̀yìn.

"Òórùn ìdàgbàsókè ni, sà," Akọ̀wé dáhùn.

"Lọ́fínńdà Ọ̀gá ni," ẹlòmíràn gbè é lẹ́sẹ̀. "Ó mà dùn o!" Ẹni tó sọ ọ́ ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá fa ìṣáná yọ láti inú àpò kóòtù funfun. Ó ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí omi kì í ti í ṣàn bojú wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n kí n tó tan iná yìí," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀rí láti ẹnu àwọn tálákà mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti há a sórí. Bí ó bá sọ ọ́, tánkà lọ. Bí kò bá sọ ọ́, tánkà lọ. Ó ya ẹnu. Ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí igi ìṣáná tí Ọ̀gá ti fi ti ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀, tó fẹ́ ṣá a.

"Ẹ má ṣáná!"

"Màmá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ yín kọ́ nìyẹn."

"Epo ni! Epo bẹntiróòlù ló kún ibí!"

"Ẹ rọra, Màmá. Òórùn ìdàg..."

"Epo ni mo sọ! Epo inú kànga mi lẹ lé wá síbí! Àbí ẹ ò nímú ni?" Ó fò sókè, ó sì gbá páálí ìṣáná náà dànù lọ́wọ́ Ọ̀gá.

Bí ẹnu kan ti sọ ọ́, gbogbo ẹnu tú. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí. Ẹni àkọ́kọ́ tó gun àtẹ̀gùn ni Akọ̀wé, ó ń ké "Epo! Epo! Epo!" bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Bàtà Mínísítà kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Ọ̀gá nìkan ló dúró láàárín àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Omi kan ń sun jáde láàárín àwọn táìsì ilẹ̀, epo ń dán lórí rẹ̀, ó sì ti rin etí ṣòkòtò funfun tó wọ̀ mọ́ kóòtù náà. Òótọ́ ló sọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Omi yẹn kò bojú wẹ̀yìn rárá. Tààrà ló wálé wá bá a. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Mínísítà dúró síta lórí bàtà kan. Ó pe ẹnjiníà, ó ní kó gbé pọ́ǹpù wá, kó sì máa bójú tó ilé-iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ọ̀gá.

"Ìwọ, máa lọ sílé ẹ."

"Sà," Ọ̀gá dáhùn, ohùn rẹ̀ ti kéré, "ilé mi nìyí."

Pọ́ǹpù kan padà sí òkè, òmíràn wọ pálọ̀ Ọ̀gá, gù-gù-gù látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n lu táìsì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ki páìpù bọ ibi tí àga ńlá wà tẹ́lẹ̀. Yàrá ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ni Ọ̀gá ń sùn. Akọ̀wé gbìyànjú láti to àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà fún ẹnjiníà, ẹnjiníà sì bi í pé ṣé kò níṣẹ́ ni.

Tánkà padà sí títì. Àwọn aládùúgbò fi ẹnu rọ́bà omi náà sọ́wọ́ Ìyá Alágbàfọ̀, torí wọ́n ti mọ̀ pé kò ní fẹnu pọ́n ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe ń kan ènìyàn ló ń béèrè, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí: "Kí ló ṣe omi yín?" Ẹni náà á ní, "Epo." Á ní, "Ẹ gbé garawa yín wá."

Ó kan ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀.

"Kí ló ṣe omi yín, sà?"

Ó wúkọ́. Ìka lọ sókè. "Ẹ̀yin ènìyàn mi..."

"Baba, àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́yìn yín o," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Omi mi... ó ní òórùn kan. Òórùn ìdàgbàsókè..."

"A ò fún ìdàgbàsókè lómi níbí o. Epo ni òfin sọ, ẹ̀yin lẹ sì fọwọ́ sí i. Ta ló kàn?"

Kò yà kúrò. Ó wo garawa òfìfo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo títì, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ìka náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Epo ni, Màmá."

"Mi ò gbọ́, sà. Pọ́ǹpù ilé yín ń pariwo."

"Epo ni!" Ó ké e débi tí àwọn tó wà lókè títì fi yọjú. "Epo bẹntiróòlù ni! Ó ń rùn!"

Ìyá Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ẹnu rọ́bà bọ garawa, ó rọ omi kún un dé etí, ó sì bá a gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ rọra gbé e o, sà. Ẹ má dà á sílẹ̀. Ẹ ṣáà rí ibi tí èyí tí ẹ dà lọ́jọ́sí lọ."